Lẹ́tà Ṣíṣí sí King Sunny Adé: Ẹ Kọ Orúkọ Àwọn Tó Ń Bá Yín Ṣeré Sára Àwo Orin Tuntun

Iléṣà, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Sí Ọmọọba Sunday Adéníyì, tí gbogbo ayé mọ̀ sí King Sunny Adé.

Bàbá wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ọjọ́ pípẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi kọ lẹ́tà yìí sí yín láti Iléṣà, mo sì kọ ọ́ ní gbangba nítorí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan àwọn olórin mìíràn àti gbogbo àwa tí ń gbọ́ orin wọn. Ẹni tí ó ti gbé àwo orin tí ó lé ní 100 jáde kò lè ṣàìrí ẹni tí yóò máa sọ fún un bí èyí tí ó kàn ṣe yẹ kí ó rí, èmi kò sì fẹ́ bá wọn dá sí i. Orin tí ẹ ó kọ àti bí ẹ ó ti kọ ọ́, ọwọ́ yín ló wà. Ẹ̀bẹ̀ tèmi ni pé, nígbà tí ẹ bá tún wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀ fún àwo tuntun, kí ẹ kó ẹgbẹ́ yín, African Beats, wọlé lódindi, kí ẹ sì jẹ́ kí orúkọ olúkúlùkù wọn, pẹ̀lú ohun tí ó lù tàbí tí ó ta, wà lára àwo náà níbi tí gbogbo ojú yóò ti rí i. Bí ẹ bá ti ṣe ìyẹn tán, ẹ bá wa ṣe bákan náà fún àwọn àwo àtijọ́, nígbà tí ẹni tí ó mọ̀ wọ́n ṣì wà láàárín wa, èyí tí í ṣe ẹ̀yin fúnra yín.

Ó lè yà yín lẹ́nu pé Iléṣà ni ẹ̀bẹ̀ yìí ti wá, tí kò wá láti Oǹdó tí ẹ ti jẹ́ ọmọ ọba, tàbí láti Òṣogbo tí wọ́n bí yín sí ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1946. Ṣùgbọ́n àwa Ìjẹ̀ṣà kì í ṣe àlejò nínú ìtàn yín. Ọmọ ilẹ̀ wa ni ọ̀gá tí ẹ bá ṣeré nígbà tí ẹ kọ́kọ́ dé Èkó. Kí ayé tó mọ Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ sí Bàbá Sàlá, aláwàdà tó ń wọ dígí ńlá, olórin hailáìfù ni, òun ló sì ń darí ẹgbẹ́ Federal Rhythm Dandies. Inú ẹgbẹ́ yẹn ni ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Iléṣà níbí ni Bàbá Sàlá dágbére fáyé sí ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2018, àwọn tó lọ kí ìdílé rẹ̀ sì ń rántí àwàdà rẹ̀ ju orin rẹ̀ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orin ni ó kọ́kọ́ fi jẹun.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí ẹ wà lọ́dọ̀ Ọláìyá, ọmọ ẹgbẹ́ ni ẹ jẹ́. Orúkọ ọ̀gá ni wọ́n ń kọ sára pátákó ìkéde. Ẹni tó bá wá wo eré lálẹ́ ń rí yín, ó ń gbọ́ yín, ṣùgbọ́n bí ó bá délé, orúkọ ọ̀gá ni ó máa dá. A mọ̀ lónìí pé ẹ wà níbẹ̀ nítorí pé ẹ jáde, ẹ dá ẹgbẹ́ tiyín sílẹ̀, ẹ sì di ẹni tí àwọn oníròyìn ń bi léèrè ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn yòókù tí ẹ jọ ń gbé ohun èlò sínú ọkọ̀ ńkọ́? Wọ́n ṣeré bí ẹ ti ṣe é, wọ́n gbọ́ àtẹ́wọ́ kan náà, ṣùgbọ́n nítorí pé òkìkí kò tẹ̀ lé wọn, ìtàn kò mọ̀ wọ́n. Bàbá tó bí yín pẹ̀lú, a gbọ́ pé dùùrù ni ó ń tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ ti mọ̀ láti kékeré ohun tí ó jẹ́ kí ènìyàn máa gbé ohùn àwọn ẹlòmíràn ró, kí ìjọ máa kọrin lórí ìka rẹ̀, kí wọ́n sì túká láìbojú wẹ̀yìn wo ẹni tó wà nídìí dùùrù.

Èkejì ni ti Isaiah Kẹ́hìndé Dáìró. Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, tí í ṣe ìlú rẹ̀, kò jìnnà sí wa rárá. Ní ọdún 1957 ni ó dá Morning Star Orchestra sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí ó padà di Blue Spots, òun sì ni ó jẹ́ kí àkọ́dìọ́nì di ohun èlò tí gbogbo ènìyàn mọ̀ nínú orin jùjú. Ní ọdún 1963, Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un ní oyè MBE. Nígbà tí ẹ̀yin náà ń dá ẹgbẹ́ tiyín sílẹ̀ ní ọdún 1967, Green Spots ni ẹ pè é, ẹni tó bá sì mọ orin nígbà náà mọ ẹni tí orúkọ yẹn ń kí. Olóògbé náà ti lọ láti ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 1996. Títí di òní, bí mo bá dúró ní Ẹrẹ́jà tàbí ní ọjà Àtàkúnmọ̀sà, tí mo bi àgbàlagbà kan léèrè nípa I.K. Dáìró, ó máa kọ orin rẹ̀ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì lè jó sí i. Ṣùgbọ́n bí mo bá béèrè pé ta ló ń lu gángan nínú orin yẹn, ta ló ń gbè é, ta ló ń lu agogo, ọ̀rọ̀ máa ń tán lẹ́nu rẹ̀. Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n lára wọn, ìlú wọn kò sì mọ orúkọ wọn mọ́.

Bẹ́ẹ̀, nǹkan irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí, ó sì tóbi ju ọ̀rọ̀ àwo lọ. Ní Salvador, ní ilẹ̀ Brazil, ìlù kan wà tí wọ́n ń pè ní ijexá, tí wọ́n ń lù fún Ọ̀ṣun àti Lógunẹ̀dẹ, tí wọ́n sì ń lù káàkiri ìgboro lásìkò àríyá ọdọọdún wọn. Orúkọ wa ni, ó kọjá òkun pẹ̀lú àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú. A mọ̀ pé ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n nítorí pé ìlù náà ń jẹ́ orúkọ ìlú wọn. Ẹnìkan kò lè dárúkọ onílù kan ṣoṣo nínú wọn. Àwọn yẹn kò ní ẹni tí yóò kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Àwa ní ìwé, a ní bírò, a ní ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ nínú àpò wa.

Bàbá wa, kò sí ẹni tó máa kọ́ yín ní ohun tí àwọn abáṣeré ń ṣe nínú orin yín, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tó bá ka lẹ́tà yìí mọ ohun tí mo ń sọ. Ẹ gbé ọ̀kan nínú àwọn àwo ńlá tí ẹ ṣe ní àárín àwọn ọdún 1970 sí 1979 sórí ẹ̀rọ. Ojú kan àwo náà lè tó ìṣẹ́jú méjìdínlógún kí ó tó tán, orin kan á sì máa wọ inú òmíràn láìdúró. Gìtá kan mú ọ̀rọ̀ kúkúrú kan lọ́wọ́, kò sì ní fi í sílẹ̀ títí dé òpin, bí ó ti wù kí àwọn yòókù yí i ká tó. Gìtá kejì ń dá a lóhùn, ẹ̀kẹta ń gba àárín wọn kọjá. Báàsì kì í pariwo, àfi ìgbà tí ó bá dákẹ́ ni a máa ń mọ̀ pé òun ló gbé ilé náà dúró. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń lọ lábẹ́ gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn yín á wọlé, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ, àwọn ẹlẹ́gbè á sì gbà á lẹ́nu yín. Nígbà tí a bá rò pé a ti gbọ́ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, gìtá á fà sẹ́yìn, gángan á sì bọ́ síta. Onílù á fi apá fún ọ̀sán mọ́ ìhà, ohùn ìlù á gòkè. Á dẹ apá, ohùn á wálẹ̀. Ọ̀rọ̀ gidi ni ó ń sọ, òwe ni, oríkì ni, àwọn ẹlẹ́gbè á sì fi ẹnu tún ohun tí ìlù sọ sọ kí ẹni tí kò gbọ́ ìlù lè gbọ́. Ní àkókò yẹn, ẹ̀yin tí ẹ ni orin dákẹ́. Onílù ló ń bá ayé sọ̀rọ̀. Mo ti gbọ́ irú ibi bẹ́ẹ̀ nínú àwo kan tí n kò lè sọ iye ìgbà tí mo ti tún un gbọ́, èrò yìí kan náà ni ó sì máa ń sọ sí mi lọ́kàn: ọkùnrin yìí ń bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, n kò sì mọ ẹni tí í ṣe.

Kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Island gbé Juju Music jáde ní ọdún 1982, tí Martin Meissonnier ará Faransé sì bá yín tò ó, wọ́n tẹ orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sára rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ará òkèèrè ti ka Dèmọ́lá Adépọ̀jù, Rasaki Aládòkun, Bob Ohiri, Jelili Lawal, Moses Akànbí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ẹ wo ti Adépọ̀jù nìkan. Gìtá tí wọ́n ń pè ní pedal steel ni tirẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń tẹ́ sílẹ̀ bíi tábìlì, tí onígìtá ń fi ọ̀pá irin kékeré sún lórí okùn rẹ̀, tí ó sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ ohun tí ń yí ohùn padà. Àwọn olórin ìgbèríko Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ni ẹ mú un wọ inú jùjú, mo sì máa ń bá àwọn tó pè é ní ohun èlò òyìnbó jiyàn, nítorí pé bí Adépọ̀jù bá ti sún irin yẹn, ohùn gìtá náà ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, ó ń fà, gẹ́gẹ́ bí gángan ti ń ṣe. Ohun tí etí Yorùbá ń fẹ́ ni. Ní ọdún 1986, òun kan náà ni ó ta gìtá yẹn lórí Graceland ti Paul Simon. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nílẹ̀ ni ènìyàn lè wá kàn. Ní ọdún kejì Juju Music ni Synchro System jáde, tí wọ́n sì yàn án mọ́ àwọn tí ń du ẹ̀bùn Grammy, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fún Odù ti ọdún 1998. Kò sí ẹni tó sọ pé orúkọ ẹgbẹ́ lára àwo ni ó dín ògo ọba kù.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé àwa Yorùbá ni a mọ bí a ti ń dárúkọ ènìyàn jù. Nínú orin jùjú, kò sí ohun tí a ń ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo òde àríyá kan, bóyá òkú àgbà tàbí ìwúyè ni, níbi tí olówó kan bá ti dìde, tí ó ń lẹ náírà mọ́ olórin níwájú orí. A máa dárúkọ rẹ̀, a dárúkọ bàbá rẹ̀, a dárúkọ ìyàwó àti àwọn ọmọ, a dé ìlú rẹ̀, a dé orí iṣẹ́ rẹ̀ àti àdúgbò tó kọ́lé sí. Ọ̀pọ̀ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti wọ inú àwo, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí ayé. Ọ̀pọ̀ olówó àwọn ọdún 1970 sí 1979 ni àwọn ọmọ ọmọ wọn lè tan àwo sí lónìí kí wọ́n gbọ́ orúkọ bàbá ńlá wọn lẹ́nu yín. N kò bínú sí ìyẹn. Ohun ẹwà ni, iṣẹ́ wa ni, owó yẹn sì ni ó ń bọ́ ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́kọ́ pe orúkọ yẹn? Onílù ni. Òun ló fi ìlù ki olówó kí ẹ̀yin tó fi ẹnu kì í. Ẹni tí a kì wà nínú orin, ẹni tó kì í kò sí lára páálí àwo. Ọmọ ọmọ onílù yẹn náà wà láyé, ó ń kọjá lọ níbi tí orin ti ń dún, kò sì mọ̀ pé ọwọ́ bàbá ńlá òun ni ó ń gbọ́.

Àwo tí ó wà lọ́wọ́ mi láti ìgbà àtijọ́ kò rí bákan náà. Òmíràn ní àwòrán gbogbo ẹgbẹ́ nínú aṣọ kan náà láìsí orúkọ. Òmíràn kọ orúkọ díẹ̀ láìsọ ohun tí wọ́n ṣe. Ayé fóònù tí a wà yìí wá mú gbogbo rẹ̀ burú sí i. Páálí àwo ti lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ tí à ń kà ti lọ. Àwòrán kékeré kan ni ó kù, pẹ̀lú orúkọ yín àti orúkọ orin. Bí ènìyàn kò bá mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó lè rò pé ẹnìkan ṣoṣo ló ta gìtá mẹ́rin, tó lu gángan, tó sì gbe ara rẹ̀.

Èmi tí mo ń kọ̀wé yìí, onígìtá ni mí. Mo bá olórin kan ní agbègbè wa ṣe àwo kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀ nítorí pé a ṣì ń kí ara wa. Gìtá kejì ni mo ta láti òkè dé ilẹ̀, àwa mẹ́sàn-án ni a sì wà nínú yàrá tóóró náà, tí fáànù kò gbọdọ̀ yí nítorí ariwo rẹ̀. Nígbà tí orin náà dé orí fóònù, ọmọ mi obìnrin tẹ̀ ẹ́, ó wá orúkọ mi lọ sókè sódò, kò rí i. Mo ní kí ó fetí sí gìtá tó wà lápá òsì. Ó fetí sí i dáadáa, ó wá ní, “Dádì, báwo ni èèyàn ṣe máa mọ̀ pé ẹ̀yin ni?” Wọ́n san owó mi fún mi, n kò ní gbèsè lọ́rùn ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n n kò rí èsì fún ọmọ náà, mo sì mọ̀ pé ní gbogbo ìlú tí jùjú ti ń dún, ọmọ onílù àti ọmọ ẹlẹ́gbè kan ń bèèrè ohun kan náà.

Mo mọ àwọn ohun tí ènìyàn lè sọ. Wọ́n lè ní ẹgbẹ́ jùjú pọ̀, pé ó lè lé ní ogún ènìyàn, pé wọ́n ń wọlé wọ́n ń jáde, pé ẹni tó lù ní ojú kìíní lè má wà ní ojú kejì. Òtítọ́ ni, ìdí sì nìyẹn tí ó fi yẹ kí a kọ ọ́ lọ́jọ́ tí a bá ṣe é, kí ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ ní ìwé kan lọ́wọ́, kí ó bi olúkúlùkù léèrè bí ó ti ń kọ orúkọ rẹ̀ kí ó tó jókòó. Wọ́n lè ní àwọn kan bínú lọ. Gbogbo wa mọ̀ pé ẹgbẹ́ tí ó rin ìrìn àjò àgbáyé yẹn tú ká ní àárín àwọn ọdún 1980 sí 1989, ẹ sì tún òmíràn kó jọ, ẹ kò dúró. N kò wá tú ọ̀rọ̀ yẹn wò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi. Ṣùgbọ́n ìjà tí ó wà láàárín ọ̀gá àti ọmọ ẹgbẹ́ kò lè yọ ọwọ́ ọmọ ẹgbẹ́ náà kúrò nínú orin tí wọ́n ti jọ ṣe. Ìlù tó lù ṣì ń dún. Bí a bá dárúkọ rẹ̀, a kò sọ pé ó jàre tàbí ó jẹ̀bi. A sọ pé ó wà níbẹ̀.

Ẹlòmíràn lè bẹ̀rù pé bí a bá kọ orúkọ sílẹ̀, àwọn tó ni orúkọ á wá gba owó. Òfin ti kọjá ibẹ̀. Copyright Act ti ọdún 2022, òfin tí ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn tó ṣe iṣẹ́ ọnà, tí Ààrẹ fi ọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2023, ti fún àwọn tí ń ṣeré ní ẹ̀tọ́ tiwọn, títí kan ẹ̀tọ́ pé kí a mọ̀ wọ́n mọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tí ó jẹ́ kí ènìyàn jà fún ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Ní ọdún 1974 ni ẹ kúrò lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń tẹ àwo yín, tí ẹ dá Sunny Aládé Records sílẹ̀ kí iṣẹ́ ọwọ́ yín lè wà lọ́wọ́ yín. Inú gbogbo olórin dùn sí ìgbésẹ̀ yẹn, ó sì la ojú ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ẹni tó la irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni mo rò pé ó yẹ jù láti la èyí.

Ní ti pé kí ẹgbẹ́ wọlé lódindi, mo mọ̀ pé owó ńlá ni. Kọ̀ǹpútà kan lè ṣe ìlù, ó lè ṣe báàsì, kò sì ní jẹ oúnjẹ tàbí béèrè owó ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ olórin tí mo fẹ́ràn ti gba ọ̀nà yẹn, iṣẹ́ wọn sì ń tà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó wà nínú Bábá Mo Túndé tí ẹ gbé jáde ní ọdún 2010: àwọn ènìyàn ni ó wà níbẹ̀, tí wọ́n ń gbọ́ ara wọn, tí ẹnìkan ń fà sẹ́yìn kí òmíràn lè kọjá. Ẹ̀rọ kì í fà sẹ́yìn fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ọ̀dọ́ tí mo ń kọ́ ní gìtá níbí, tí wọ́n gbọ́n tí ọwọ́ wọn sì yá, ọ̀pọ̀ wọn kò tíì wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú onígángan rí nígbà tí wọ́n bá ń gbohùn sílẹ̀. Inú yàrá wọn ni wọ́n ti ń dá gbogbo rẹ̀ ṣe. Bí ẹ̀yin bá tún ṣe àwo kan tí gbogbo ẹgbẹ́ jókòó yí ká, tí ó hàn gbangba lára rẹ̀ pé báyìí ni wọ́n pọ̀ tó, báyìí ni wọ́n sì ń jẹ́, àwọn ọmọ yìí á mọ̀ pé iṣẹ́ gidi ni kí ènìyàn jẹ́ onígìtá kẹta nínú ẹgbẹ́ ẹlòmíràn, pé kì í ṣe ibi tí à ń dúró sí títí tí a ó fi di ọ̀gá.

Ó ku ti àwọn àwo àtijọ́, mo sì ní àbá kan. Ilé-Ifẹ̀ kò jìnnà sí wa, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sì ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ nípa orin. Ní ọdún 2009, ilé ìwé náà yàn yín ní ọ̀jọ̀gbọ́n àbẹ̀wò nínú iṣẹ́ orin, ẹ kì í sì í ṣe àjèjì níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wọn láàyè. Kí àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ wá sọ́dọ̀ yín, tàbí kí ẹ̀yin lọ bá wọn, kí wọ́n kó àwọn àwo náà jọ láti ìgbà Green Spots, kí wọ́n tan ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa sọ fún wọn pé: ẹni tó ń ta gìtá yìí ni lágbájá, ọmọ ìlú báyìí, ẹni tó gbè é ni tàmẹ̀dò, ọjọ́ tí a ṣe èyí, onílù wa kò sí nílé, àbúrò rẹ̀ ló bá wa lù ú. Kí wọ́n gbohùn yín sílẹ̀ bí ẹ ti ń sọ ọ́, kí wọ́n kọ ọ́ jáde, kí wọ́n sì fi í sí ibi tí ọmọ ẹnikẹ́ni ti lè rí i láìsanwó. Àwọn tó ṣì wà láyé nínú àwọn abáṣeré yín, kí ẹ pè wọ́n síbẹ̀, títí kan àwọn tó ti lọ dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin bá gbàgbé, wọ́n á rántí rẹ̀. Ibi tí ẹnu kò bá kò, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnu kò kò. Àwọn onímọ̀ kan lè fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ohun tí ẹ lè sọ ní ọ̀sán kan.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni wọ́n bi léèrè, n ó ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn onílù. Onígìtá bíi tèmi ṣì ní ẹni tí yóò rántí rẹ̀, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn gìtá, wọ́n sì ń béèrè. Àwọn tó lu gángan, agogo, akúba àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ ni ọjọ́ ti lọ lórí wọn jù, àwọn náà ni orúkọ wọn ṣọ̀wọ́n jù lára páálí. Lẹ́yìn wọn ni kí ẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́gbè, tí ó jẹ́ pé ohùn wọn ni gbogbo ilé ń bá kọrin ní gbogbo ọjọ́ Sátidé tí òde bá wà ní Iléṣà. Ní ti àwo tuntun, bí ilé iṣẹ́ tó máa gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì bá sọ pé àyè orúkọ kò tó, ẹ ní kí wọ́n wá àyè. Wọn kò ní kọ̀ fún yín.

Mo dúpẹ́ pé ẹ ka lẹ́tà mi. Kí Ọlọ́run bá wa dá ẹ̀yin àti gbogbo àwọn tó ń bá yín ṣeré sí.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,
Onígìtá kan ní Iléṣà.